Ẹrù Tí Olùkọ́ Àkànṣe Kò Gbọdọ̀ Dá Gbé

Nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari bu ọwọ́ lu òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn akanda ẹ̀dá léèwọ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2019, ariwo tó ta jù lọ ni ti ilé tí kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn kò lè wọ̀ àti owó ìtanràn tí a ó gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá rú òfin. Apá tó kan ẹ̀kọ́ kò gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òfin náà ní kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé yunifásítì, gba akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìpèníjà ara mọ́ra. Ó ní kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kan, ó kéré tán, tó kọ́ṣẹ́ bí a ṣe ń bójú tó ẹ̀kọ́ wọn, kí ó sì ní àwọn ohun èlò tí iṣẹ́ náà ń béèrè. Ó tún ní kí ìjọba gbé èyí tó pọ̀ nínú owó ẹ̀kọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ àkànṣe. Láti ìgbà náà, iye ni àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí apá yìí ń ṣírò: olùkọ́ àkànṣe mélòó la ní, mélòó ló kù ká gbà? Ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú ìyẹn. Ẹnì kan tí òfin sọ yìí, iṣẹ́ wo gan-an ló ń bọ̀ wá ṣe? Bí a kò bá rí ìdáhùn tó tọ́ sí i, a lè fi olùkọ́ àkànṣe kún gbogbo ilé ẹ̀kọ́ láti Ìmẹ̀kọ títí dé Ìkárẹ́, kí ọmọ tí kò ríran ṣì jókòó sẹ́yìn kíláàsì, kí agogo lù, kí ó dìde láìmú nǹkan kan lọ.

Ìdáhùn tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni pé ẹni náà ń bọ̀ wá gba ọmọ yẹn lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ yòókù ni. Ìtàn ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Àwọn ìjọ Ọlọ́run àti ẹgbẹ́ aláàánú ló kọ́kọ́ dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọ̀nyí ní Nàìjíríà, wọ́n sì dá a sílẹ̀ ní ọ̀tọ̀. Ti àwọn tí kò ríran bẹ̀rẹ̀ ní Gindiri, ní ìpínlẹ̀ Plateau òde òní, ní ọdún 1953. Ní Èkó, ilé ẹ̀kọ́ Wesley fún àwọn adití bẹ̀rẹ̀ ní 1958, ìjọ Kátólíìkì sì dá Pacelli sílẹ̀ ní Sùúrùlérè ní 1962 fún àwọn ọmọ tí kò ríran. Ní Ìbàdàn, Andrew Foster ló gbé ti àwọn adití dé ní 1960. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni, àìsàn sọ ọ́ di adití nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 11, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington, ní ọdún 1954. Gánà ló kọ́kọ́ dé sí ní 1957 kó tó wá sọ́dọ̀ wa. Bí kì í bá ṣe àwọn wọ̀nyí ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni ì bá dàgbà sí ẹ̀yìnkùlé láìmọ ìwé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn fi èrò kan sílẹ̀ tí kò tíì kúrò lára wa: pé ọmọ tó ní ìpèníjà ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ó sì ní olùkọ́ tirẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wá dá kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni àkànṣe sílẹ̀ ní 1977, èyí tí a mọ̀ lónìí sí FCE Special, Ọ̀yọ́, olùkọ́ tí yóò lọ dúró sí irú ilé ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn retí pé yóò máa ti ibẹ̀ jáde.

Ọdún 1977 yẹn kan náà ni Ìlànà Ìjọba Àpapọ̀ lórí Ètò Ẹ̀kọ́ jáde. Láti àtètèkọ́ṣe ni ìlànà náà ti yà orí kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe, ó sì fara mọ́ ọn pé kí àwọn ọmọ wọ̀nyí máa kàwé pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Kí olùkọ́ gbogboogbò má baà ṣàjèjì sí wọn, ìlànà ní kí ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ àkànṣe di dandan fún gbogbo ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá gba ìwé ẹ̀rí NCE lónìí, yálà ìmọ̀ ìṣirò ló kọ́ tàbí èdè Yorùbá, ti jókòó fún ìdánwò kan lórí ẹ̀kọ́ àkànṣe. Ó mọ oríṣi ìpèníjà tó wà, ó mọ ohun tó ń fà wọ́n, ó lè tò wọ́n síwájú olùdánwò. Ọ̀tọ̀ ni kí a mọ orúkọ ìṣòro, ọ̀tọ̀ ni kí a mọ ohun tí a ó ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí ọmọ náà bá wọ kíláàsì. Bruce Joyce àti Beverly Showers, tí wọ́n ṣèwádìí lórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́ ní Amẹ́ríkà, ti sọ èyí láti ọdún 1980: ẹ̀kọ́ tí a fẹnu sọ fún olùkọ́ máa ń yé e, àpẹẹrẹ tí a ṣe lójú rẹ̀ máa ń yé e sí i, àmọ́ kó tó di pé ó mú un wọ inú kíláàsì rẹ̀, ẹnì kan ní láti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń gbìyànjú, kí ó wò ó, kí ó tún un ṣe. Ibi tí ètò wa ti já nìyí. A kọ́ olùkọ́ ní ìpìlẹ̀, a fún un ní ìwé ẹ̀rí, a tì í wọ kíláàsì, a kò sì rán ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ohun tí olùkọ́ kíláàsì nílò wò, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń hàn pé kò le tó bí a ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀. Ká ní ọmọ tí kò ríran wà nínú kíláàsì ìṣirò. Olùkọ́ kọ nǹkan sí ojú pátákó, ó ní, "Ẹ mú èyí, ẹ fi kún ìyẹn, ẹ wo ohun tó jáde níbí." Gbogbo kíláàsì ti rí i, àfi ẹnì kan. Ohun tí olùkọ́ yìí nílò ni kí ó máa pe gbogbo ohun tó ń kọ jáde lẹ́nu, kò sì náwó kankan. Ó tún nílò kí ó mọ̀ pé ìwé tí yóò lò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, nítorí braille, ìwé alámì tí a ń fi ìka kà, kì í ṣe ohun tí a ń tẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ ẹ̀kọ́. Ojú ewé braille kan kò gbà ju nǹkan bí àmì 1,000 lọ, ìlà 25 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba àmì 40, nítorí náà ìwé kan ṣoṣo tí ọmọ tó ń ríran gbé sínú àpò lè di ìdìpọ̀ mélòó kan. Ní ti àwòrán, okùn àti gọ́ọ̀mù lórí páálí tó láti sọ onígun mẹ́ta di ohun tí ìka lè tọ̀. Ní ti ìṣirò fúnra rẹ̀, abacus àti férémù Taylor, àwo oníhò tí a ń fi ọwọ́ to nọ́ńbà sí, ti wà fún un láti ìgbà pípẹ́. Olùkọ́ ìṣirò kò ní láti mọ braille kà kí ó tó lè ṣe gbogbo èyí. Ó kàn ní láti ní ẹnì kan tí yóò fi hàn án ni.

Gbogbo ẹni tí ojú ń yọ lẹ́nu kọ́ ni kò ríran rárá, ibẹ̀ sì ni àìmọ̀ olùkọ́ ti ń pa ọmọ lára jù. Ọmọ tó jẹ́ àfín sábà máa ń ríran díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó le sì máa ń gún un lójú. Bí a bá gbé e jókòó síwájú níbi tí oòrùn ojú fèrèsé kò ti ní máa ta sí i, tí a fún un ní ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó sì dúdú dáadáa, tí a sì gbà á láàyè láti dìde lọ wo pátákó nítòsí, ó lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba láìkọ́ braille rárá. Olùkọ́ tí kò mọ èyí yóò ní ọ̀lẹ ni, tàbí kí ó ní ó ń rìn kiri kíláàsì. Bákan náà ni ti ọmọ tó ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Ẹ̀rọ yẹn kì í sọ etí di tuntun, inú ìdákẹ́jẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, nígbà tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá wà ní nǹkan bí mítà kan sí méjì sí ọmọ náà. Olùkọ́ tó bá kọ ẹ̀yìn sí kíláàsì, tó ń kọ̀wé tó sì ń sọ̀rọ̀ lọ, ti gba ohùn àti ètè rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ògbufọ̀ èdè ọwọ́ bá wà ní kíláàsì, òun náà ní láti rí ohun tí olùkọ́ fẹ́ kọ́ni kí ọjọ́ tó pé, nítorí kò sí bí yóò ṣe fi ọwọ́ túmọ̀ ẹ̀kọ́ nípa bí ewé ṣe ń se oúnjẹ rẹ̀ lára oòrùn bí kò bá tíì mọ àmì tí òun àti akẹ́kọ̀ọ́ yóò jọ lò fún un.

Àwọn ìpèníjà kan tún wà tí ojú kì í tètè rí. Ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ń lọ́ra gba ẹ̀kọ́ nílò kí a gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́, kí a kọ́ ọ ní ìgbésẹ̀ kan títí yóò fi mọ́ ọn lára kí a tó fi ìkejì kún un. Ọmọ tí iṣan rẹ̀ le láti ìgbà ìbí lè ní òye ju gbogbo kíláàsì lọ, kó jẹ́ pé ọwọ́ ni kò lè tètè kọ̀wé; àfikún àkókò àti tábìlì tó bá gíga rẹ̀ mu ló ń fẹ́. Ti wárápá ni àìmọ̀ ti burú jù, nítorí ìgbàgbọ́ pé itọ́ ẹni tó ní in ń ran èèyàn mú kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ sá jáde nígbà tí ọmọ bá ṣubú. Ohun tó tọ́ kò ju pé kí a kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí, kí a yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí a má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, kí a máa wo aago, kí a sì wá ilé ìwòsàn bí gìrì náà bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìmọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ó sì lè gba ẹ̀mí là. Àjọ UNICEF ṣírò rẹ̀ ní 2021 pé àwọn ọmọdé tó ní ìpèníjà jákèjádò ayé sún mọ́ mílíọ̀nù 240, ọmọ kan nínú mẹ́wàá. Èyí túmọ̀ sí pé kò sí olùkọ́ tó lè sọ pé kò sí irú wọn ní kíláàsì òun. Bóyá kò tíì dá wọn mọ̀ ni.

Bí a bá wá pa gbogbo èyí pọ̀, ohun kan hàn gbangba. Púpọ̀ nínú ohun tó ń gbe ọmọ wọ̀nyí tàbí tó ń jìn wọ́n sí kòtò ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ ìṣirò, olùkọ́ Yorùbá àti olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ní wákàtí tí olùkọ́ àkànṣe kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ojútùú ni kí a yan olùrànlọ́wọ́ kan tí yóò máa jókòó ti ọmọ náà láti àárọ̀ di ọ̀sán, kí ó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ tó ti dán an wò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti mọ irú olùrànlọ́wọ́ kíláàsì bẹ́ẹ̀ dáadáa, Peter Blatchford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa ìtẹ̀síwájú akẹ́kọ̀ọ́ tó tó 8,200. Wọ́n rí i pé àwọn tí olùrànlọ́wọ́ dúró tì jù kò tẹ̀ síwájú tó àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí a kò dúró tì tó bẹ́ẹ̀, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà láti ìpìlẹ̀ kúrò nínú ìṣirò. Kì í ṣe pé àwọn olùrànlọ́wọ́ náà ya ọ̀lẹ. Wíwà wọn nítòsí ló jẹ́ kí olùkọ́ gbé ojú kúrò lára ọmọ, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí àyè jókòó bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Michael Giangreco àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1997: àgbàlagbà tó rọ̀ mọ́ ọmọ ní gbogbo ìgbà a máa dí ọmọ náà lọ́wọ́ àtibá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Bí a bá fi ẹnì kan tí òfin 2019 sọ sí irú ipò yẹn, owó la ó ná láti ra àbájáde yẹn.

Ipò tó yẹ kí a fi í sí ni ti olùkọ́ àwọn olùkọ́. Kí ó wọ kíláàsì lọ wo bí olùkọ́ ìṣirò ṣe ń ṣe, kí ó jókòó pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́yìn náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n jọ mú ohun kan ṣoṣo tí yóò yí padà, kí ó sì padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì láti wo bóyá ó yí. Nígbà tí Matthew Kraft àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 60 lórí irú ìtọ́sọ́nà inú kíláàsì báyìí jọ ní 2018, wọ́n rí i pé ó ń yí bí olùkọ́ ṣe ń kọ́ni padà gidigidi, ó sì ń gbé àbájáde akẹ́kọ̀ọ́ ga, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí kò pọ̀ tó tàkọ́kọ́. Ìwádìí kan náà kìlọ̀ fún wa: ètò tó bá kó olùkọ́ 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jọ kò ṣiṣẹ́ tó ti àwọn kéékèèké. Òye èyí kò jìnnà. Olùtọ́sọ́nà tí ilé ẹ̀kọ́ ogún wà lọ́rùn rẹ̀ yóò di ẹni tó ń fi lẹ́tà ìkíni ránṣẹ́. Ní ilẹ̀ Áfíríkà níhìn-ín, Kẹ́ńyà, Màláwì àti Ùgáńdà ti lo àwọn olùkọ́ tó ń lọ láti ilé ẹ̀kọ́ kan dé òmíràn fún àwọn ọmọ tí ojú ń yọ lẹ́nu. Nígbà tí Paul Lynch àti Steve McCall láti Yunifásítì Birmingham yẹ iṣẹ́ wọn wò, ohun tó ń dá wọn dúró kò ṣòro láti mọ̀: ọ̀pọ̀ wọn ṣì ní kíláàsì tiwọn láti kọ́, owó ọkọ̀ kò sì tó. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí iye ilé ẹ̀kọ́ tó wà lọ́rùn ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ níwọ̀n, kí àkókò àti ọkọ̀ sì wà nínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ohun èlò tẹ̀ lé e, kò sì yẹ kí a yà á kúrò lára ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀rọ braille Perkins, tó ti wà láti 1951, lágbára, ó sì ń pẹ́, àmọ́ owó rẹ̀ ga, ó sì wúwo tó nǹkan bíi kílógíráàmù márùn-ún. Bí a bá pín ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ilé ẹ̀kọ́ láìpín ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá ni yóò pẹ̀kun sí. Ó sàn kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ibùdó ohun èlò kan, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé braille, ohun èlò àyẹ̀wò ojú àti etí, àti ìwé olójú ńlá yóò wà, tí olùkọ́ àkànṣe yóò sì máa mú èyí tí olùkọ́ nílò lọ́wọ́ lọ bá a. Àwọn ohun èlò mìíràn kò nílò ibùdó, wọn kò sì ná wa ní kọ́bọ̀. NVDA, ètò tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè fún ẹni tí kò ríran, ọ̀fẹ́ ni láti 2006 tí àwọn ọmọ Australia méjì tí àwọn fúnra wọn kò ríran ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Fóònù Android ní irú rẹ̀ nínú láti ilé iṣẹ́. Ibi tí èyí ti ń já ni ọwọ́ olùkọ́: nígbà tó bá fi fóònù ya àwòrán ìwé rẹ̀, tó fi í sórí WhatsApp kíláàsì, àwòrán lásán ló fi ránṣẹ́, ohùn inú fóònù kì í sì í sábà lè kà á dáadáa bíi lẹ́tà. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́, ọmọ náà yóò gbọ́ ọ. Nàìjíríà ti fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn Marrakesh láti 2017, èyí tó fàyè gba kí a sọ ìwé di braille tàbí ohùn fún àwọn tí kò lè ka ìwé àtẹ̀jáde láìbẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ oníwèé. Àǹfààní wà nílẹ̀, ẹni tó mọ̀ pé ó wà ni kò pọ̀.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ yìí dùn lẹ́nu, pé kí olùkọ́ tó ní ọmọ 70 ní kíláàsì tún máa ṣe àkànṣe fún ẹnì kan jẹ́ ìyà. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ padà wo ohun tí a kà sókè: kí a máa pe ohun tí a kọ jáde, kí a kọjú sí kíláàsì nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀, kí a gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́. Èwo níbẹ̀ ni àwọn 69 yòókù kò ní jèrè? Ọmọ tó jókòó sẹ́yìn tí kò gbọ́ dáadáa, ọmọ tí ìwé kíkà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀ lára, gbogbo wọn ni yóò rí tiwọn mú nínú rẹ̀. Èyí tó ku díẹ̀ tó gba àkókò ọ̀tọ̀, irú bíi kí a kọ́ ọmọ ní braille tàbí bí yóò ṣe máa fi ọ̀pá rìn, iṣẹ́ olùkọ́ àkànṣe fúnra rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó ní kó gbé e fún ẹlòmíràn. Síbẹ̀, kíláàsì ọlọ́mọ 70 kò dára fún ọmọ kankan. Bí ìpínlẹ̀ bá mọ̀ pé ọmọ tó ní ìpèníjà wà ní kíláàsì kan, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín iye kù.

Àtakò tó lágbára jù wá láti ọ̀dọ̀ àwọn adití fúnra wọn. Èdè ọwọ́ kì í ṣe ohun tí ọmọ ń kọ́ lọ́dọ̀ ẹnì kan ní wákàtí méjì lọ́sẹ̀. Àárín àwọn tó ń sọ ọ́ ni ọmọ ti ń mọ̀ ọ́n, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ adití sì jẹ́ ọmọ òbí tó ń gbọ́ràn, tí kò mọ èdè náà. Ọmọ adití kan ṣoṣo tí a fi sí àárín àwọn tó ń gbọ́ràn ní orúkọ ìfojúsùn rere lè dá wà ju bí ì bá ti dá wà ní ilé lọ. Mo gba èyí wọlé láìdín kan kù. Àdéhùn àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn akanda ẹ̀dá, tí Nàìjíríà fi òǹtẹ̀ lù ní 2010, náà gbà pé kí a kọ́ wọn ní èdè tó bá wọn mu, ní àyíká tí yóò mú wọn dàgbà jù, kí a sì gba àwọn olùkọ́ tí àwọn náà ní ìpèníjà síṣẹ́. Nítorí náà, ti àwọn adití ni kí a kó wọn jọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ díẹ̀ níbi tí wọn yóò ti pọ̀ tó láti ní àwùjọ, irú bí ẹ̀ka àwọn adití tó wà ní Methodist Grammar School ní Bódìjà, Ìbàdàn. Ohun tí èyí ń sọ ni pé ibi tí ọmọ wà lè yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìpèníjà rẹ̀ ṣe rí. Kò sọ pé olùkọ́ físíìsì ní irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lè máa kọ ẹ̀yìn sí kíláàsì sọ̀rọ̀. Níbẹ̀ gan-an ni ìtọ́sọ́nà ti wúlò jù, àgbà adití tó kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni yóò sì mọ̀ ọ́n ṣe ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ní ti owó, àjọ UBEC, ti ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ti ń ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń pín fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ kárí gbogbo ọmọ sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà. Owó náà kò pọ̀, àmọ́ a lè yí bí a ṣe ń ná an padà. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì ní hòtẹ́ẹ̀lì, pẹ̀lú báàgì, oúnjẹ ọ̀sán, owó ọkọ̀ àti fọ́tò àjùmọ̀yà, ń gba owó lọ́dọọdún láìfi ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ sí kíláàsì. Irú owó kan náà lè san epo alùpùpù àti owó iṣẹ́ olùkọ́ àkànṣe kan fún oṣù mélòó kan. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fẹ́ràn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ hòtẹ́ẹ̀lì nítorí ó rọrùn láti kà: olùkọ́ 200 wá, olùkọ́ 200 gba ìwé ẹ̀rí. Ìtọ́sọ́nà kò ní irú òǹkà bẹ́ẹ̀. Èyí tí a lè kà nínú rẹ̀ ni kíláàsì tí a wọ̀, ohun tó yí padà níbẹ̀, àti ìwé tó dé ọwọ́ ọmọ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn olùkọ́ àkànṣe pàápàá lè fura. Ẹni tó fi ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọ́ṣẹ́ lè bi wá pé, ṣé kí òun wá kó ìmọ̀ òun fún olùkọ́ tó ṣe ìdánwò kan ṣoṣo lórí ẹ̀, kí ìjọba wá ní àwọn kò nílò òun mọ́? Ẹ̀rù yìí ní ìdí, nítorí ìjọba wa mọ bí a ṣe ń dín òṣìṣẹ́ kù. Ohun tí yóò pa á ni kí ipò olùtọ́sọ́nà ga ju ti olùkọ́ kíláàsì lọ ní owó oṣù àti ní ìgbéga. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe irú rẹ̀: ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní olùkọ́ kan tó ń ṣètò ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìpèníjà, ẹni náà gbọ́dọ̀ jẹ́ olùkọ́ tó ní ìwé ẹ̀rí, ó sì tún gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí mìíràn lórí iṣẹ́ ìṣètò náà láàárín ọdún mẹ́ta tó bá dé orí rẹ̀. Iṣẹ́ náà ń wọ̀ wọ́n lọ́rùn níbẹ̀, ìwé rẹ̀ sì pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n wà fún. Níhìn-ín, FCE Special, Ọ̀yọ́ àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe Yunifásítì Ìbàdàn lè fi ìtọ́sọ́nà àwọn àgbà kún ohun tí wọ́n ń kọ́ni. Èèyàn lè mọ ọmọ kọ́ kí ó má mọ bí a ṣe ń bá olùkọ́ tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí sọ̀rọ̀ nípa àṣìṣe rẹ̀ láìtàbùkù rẹ̀. Ní àárín Yorùbá, níbi tí ọ̀wọ̀ àgbà ti jinlẹ̀, ọgbọ́n yìí ni yóò pinnu bóyá wọn yóò tún ṣílẹ̀kùn kíláàsì fún un nígbà kejì. Ó sì yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ máa ṣe apá kan nínú ìdánrawò iṣẹ́ wọn ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboogbò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ olùkọ́ gbogboogbò, kó má jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ nìkan ni wọn yóò mọ̀ kí wọ́n tó gboyè.

Igi kan kì í dá igbó ṣe, òfin 2019 náà kò sì sọ pé kí ẹnì kan dá ilé ẹ̀kọ́ ṣe. Ẹnì kan ni òfin ní ó kéré tán, bí a ṣe lò ó ló kù sí ọwọ́ wa. Ohun tí àjọ SUBEB, tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lè ṣe láìdúró de òfin tuntun ni kí wọ́n yí ìbéèrè alábẹ̀wò padà. Alábẹ̀wò tó bá wọ ilé ẹ̀kọ́ sábà máa ń béèrè olùkọ́ àkànṣe, wọn yóò mú un wá, yóò sì fi àmì sí ìwé pé ó wà. Kí ó kọjá sọ́dọ̀ olùkọ́ ìṣirò. Kí ó bi í pé: ọmọ wo ní kíláàsì rẹ ni kò ríran dáadáa, kí lo yí padà nítorí rẹ̀ ní sáà yìí, ta ló fi bí o ó ṣe ṣe é hàn ọ́, ìgbà wo ló sì padà wá wò ó? Olùkọ́ tó bá lè dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti sọ fún wa pé olùkọ́ àkànṣe ilé ẹ̀kọ́ yẹn ń ṣiṣẹ́. Èyí tí kò bá lè dáhùn kì í ṣe òun nìkan ló jẹ̀bi. Ètò tó fi í sílẹ̀ sínú kíláàsì láìrán ẹnikẹ́ni sí i ló yẹ kó gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀bi náà.